Ìdí tí iná check engine fi ń tàn tó tún ń kú lára ọkọ̀ tó ti pẹ́

Bí iná check engine bá tàn tí kò kú mọ́, onímọ́tò mọ ohun tó kàn: á gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Èyí tó ń dààmú ènìyàn ni èyí tó tàn lánàá, tó kú lónìí, tó tún yọjú lọ́jọ́ Sátidé lójú ọ̀nà Ìbàdàn, tó sì ti pòórá kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa wò ó. Mẹkáníìkì á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó tàn ná ká tó mọ ohun tá a máa ṣe." Rewire á ní ká yọ orí bátìrì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ará ilé á ní epo tẹ́ ẹ rà lójú ọ̀nà ni. Kó tó di oṣù mélòó kan, ẹ ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ẹ ti ra sẹ́ńsọ̀ méjì ní Ládípọ̀, iná náà ò sì yéé yọjú.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ rèé. Bí iná yẹn bá kú, àkọsílẹ̀ ohun tó tàn án ṣì wà nínú brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ka àkọsílẹ̀ yẹn kò nílò kí iná tàn lójú rẹ̀ kó tó ríṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá sì pa á rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kà á ti da ẹ̀rí tó dára jù lọ́wọ́ yín nù.

Toyota Corolla tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2008 ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé òun ló kún ojú títì wa, ó sì ti dàgbà tó ẹni tó ń ṣe irú àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá Honda, Nissan, Hyundai, Ford àti ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ mìíràn mu, torí pé òfin kan náà ló bí iná yìí lára gbogbo wọn.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé iná náà sí

Ọ̀rọ̀ èéfín ló bí i. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi òfin dè é pé kí ọkọ̀ máa ṣọ́ ara rẹ̀, nítorí pé èéfín mọ́tò ti ń ba afẹ́fẹ́ wọn jẹ́ gidigidi. Nígbà tó di ọkọ̀ ọdún 1996, ó di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n bá tà ní Amẹ́ríkà pé kó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní OBD-II. Àwọn ará Yúróòpù tẹ̀ lé e fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù ní 2001. Nítorí pé Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá, yálà ó gba Àpápá wọlé ni tàbí ó gba Kútọnu, ẹ óò rí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ní ojú mẹ́rìndínlógún lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí orúnkún awakọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ki scanner, ẹ̀rọ tó ń ka àkọsílẹ̀ inú brain box, bọ̀.

Ohun tí òfin náà béèrè ni pé kí iná tàn nígbà tí àṣìṣe kan bá lè mú kí èéfín ọkọ̀ burú tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè máa sáré geere, tí kò jẹ́ẹ̀kì, tí kò mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí iná sì tàn síbẹ̀. Òun náà ló fà á tí iná yìí kò fi ní sọ fún yín pé bírékì ti ń tán. Ọ́ìlì ní iná tirẹ̀, ooru ẹ́ńjìnnì náà ní gééjì tirẹ̀. Bí ìyẹn bá pọ́n tàbí tó gòkè, ẹ dúró kẹ́ ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de check engine.

Ohun kan tún wà tó ń já àwọn ènìyàn láyà lórí Camry, Highlander àti Sienna: check engine á tàn, VSC àti TRAC náà á tàn pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó ń wakọ̀ á rò pé mọ́tò ti bàjẹ́ níbi mẹ́ta. Lọ́pọ̀ ìgbà, àṣìṣe kan náà ni. Bí brain box bá ti rí i pé òun kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì, ó máa ń dá iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ dúró, iná wọn á sì tàn. Ẹ wá ti check engine ṣe ná.

Bó ṣe ń tàn, bó ṣe ń kú

Fún ọ̀pọ̀ àṣìṣe, brain box kì í tan iná ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá rí ohun tí kò dára. A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Á kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀sùn tí ẹ̀rí rẹ̀ ò tíì pé, èyí tí scanner ń pè ní pending. Bó bá tún ṣe àyẹ̀wò kan náà nígbà tí ẹ tún wa ọkọ̀ jáde, tó sì tún bá àṣìṣe yẹn níbẹ̀, ìgbà yẹn ló máa tan iná. Bí àyẹ̀wò kejì bá yege, pending á lọ, ẹ ò sì ní mọ̀ rárá pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Kíkú rẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀. Bí àyẹ̀wò náà bá yege nígbà mẹ́ta tẹ̀ léra, brain box á pa iná fúnra rẹ̀. Kóòdù, ìyẹn àkọsílẹ̀ àṣìṣe náà, ò tíì kúrò o. Ó di ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù tó tún gbóná nígbà ogójì (40) láìsí pé àṣìṣe náà padà wá, kó tó pa kóòdù rẹ́. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ á lò ju oṣù kan lọ kó tó pé 40. Nítorí náà, bí iná bá kú lọ́jọ́ Ajé, tẹ́ ẹ sì dé ọ̀dọ̀ oníscanner lọ́jọ́bọ̀, kóòdù yẹn ṣì ń dúró dè yín. "Ẹ jẹ́ kó tàn ná" kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ibi tó ti wá dídíjú ni pé àwọn àyẹ̀wò náà kò rí bákan náà. Àwọn kan wà tí brain box ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́: ṣé púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ń yaná, ṣé epo àti afẹ́fẹ́ ń bára wọn dọ́gba, ṣé wáyà sẹ́ńsọ̀ ò já. Àwọn mìíràn, ó ń dúró de àsìkò tó wọ̀ wọ́n.

Àyẹ̀wò catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde lẹ́yìn ọkọ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lórí Toyota, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti gbóná dáadáa, kí ọkọ̀ sì máa lọ ní ìwọ̀n eré kan náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, bíi kìlómítà 65 sí 90 ní wákàtí. Ẹ jẹ́ ká wò ó nínú ọkọ̀ ẹni tó ń gbé Ìkẹjà. Catalyst ọkọ̀ rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, tàbí ẹnìkan ti yọ inú rẹ̀ tà láìjẹ́ pé ó mọ̀. Iná tàn, mẹkáníìkì fi scanner pa á rẹ́, ó ní ó ti parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lagos, iná ò tàn. Báwo ni ì bá ṣe tàn? Ọkọ̀ náà kò tíì rí ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi sáré geere. Ó wá di ọjọ́ tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìbàdàn. Ní àlọ, brain box ráyè ṣe àyẹ̀wò, ó kọ ọ́ sí pending. Ní àbọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó tún un ṣe, iná tàn nígbà tó ń súnmọ́ Ṣàgámù. Epo tó rà ní Ìbàdàn ló máa gba ẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni epo yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. P0420 ni ẹ óò bá nínú rẹ̀, P0420 kan náà tí wọ́n pa rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Àyẹ̀wò èéfín inú táǹkì epo náà ní àsìkò tirẹ̀. Ó máa ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ti sùn kó tutù, kí epo inú táǹkì má kún jù, kó má sì gbẹ jù. Láàárín nǹkan bíi ìdá 15 sí 85 nínú 100 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi ń ṣe é. Ẹni tó ń rìn lórí iná epo títí ayé lè wà fún oṣù púpọ̀ kí kóòdù P0442 tàbí P0455 má jáde, kó wá jáde lọ́sẹ̀ tó rówó ra epo dé ìdajì. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wò níbẹ̀ ni ìdérí táǹkì: ṣé ẹ yí i títí ó fi dún kẹ̀kẹ̀, ṣé rọ́bà tó yí i ká ò ti ya. Ohun kejì jẹ́ àṣà wa nílé epo. Bí nọ́súlù bá ti já fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi epo kún un títí yóò fi dé ọrùn. Agolo kan tó kún fún èédú wà tó ń gba èéfín epo. Bí epo gangan bá dà sínú rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ẹ ka freeze frame kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Bí brain box bá fẹ́ tan iná, kì í kọ kóòdù nìkan. Ó máa ń kọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an: bí omi rẹ̀ ṣe gbóná tó, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, ìyípo ẹ́ńjìnnì, bí ẹrù tó ń gbé ṣe wúwo tó, àti iye epo tó ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò. Freeze frame ni wọ́n ń pè é. Fún iná tó ń tàn tó ń kú, kò sí ohun tó wúlò tó o, ó sì ń dùn mí gan-an pé òun ni wọ́n kì í kà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní scanner ńlá lọ́wọ́ á ka kóòdù, wọ́n á tẹ "erase", wọ́n á gbowó.

Ẹ jẹ́ ká ka méjì pọ̀. Kóòdù kan náà ló wà nínú méjèèjì, P0171, tó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ.

Ká ní ti àkọ́kọ́ sọ pé: omi 89°C, eré ọkọ̀ 0, ìyípo 710, long term fuel trim +28%. Eré 0 àti ìyípo 710 ń sọ fún yín pé ọkọ̀ dúró, ó wà ní slow, bóyá nídìí iná títì. Fuel trim ni ìwọ̀n epo tí brain box ń fi kún ohun tó yẹ kó lò. Láàárín -10 sí +10 kò burú, +28 ti pọ̀ jù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní slow, afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú kò tó nǹkan, nítorí náà bí ihò kékeré kan bá wà níbìkan tó ń fa afẹ́fẹ́ tí airflow sensor kò kà, ó máa hàn gidigidi. Ẹ tẹ ẹ́ dé ìyípo 2500 kẹ́ ẹ máa wo fuel trim lórí scanner: bó bá ń sọ̀kalẹ̀ padà sí ìtòsí 0, rọ́bà tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì kan ló ń jò. Ẹ wo rọ́bà ńlá tó jáde látara air filter lọ sí throttle, rọ́bà kékeré tó ń lọ sí orí ẹ́ńjìnnì, àti èyí tó ń lọ sí bírékì. Ẹ má kàn wò wọ́n lójú. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n kí wọ́n kákò. Rọ́bà tó ti jẹ ooru fún ogún ọdún máa ń dà bí odidi títí ẹ óò fi tẹ̀ ẹ́, ìgbà náà ni ojú sísán á là nínú ìkákò rẹ̀. Ohun tó sì ń mú kí iná lọ kó bọ̀ nìyí: bẹ́ ẹ bá fi jíà sí D, ẹ́ńjìnnì á fì sẹ́yìn díẹ̀, ojú sísán á là, bẹ́ ẹ bá gbé e sí N, á padé.

Ká ní ti ìkejì sọ pé: omi 91°C, eré 96, ìyípo 2900, ẹrù 78%, fuel trim +26%. P0171 náà ni, àmọ́ ọkọ̀ yìí ń sáré, ó sì ń gun òkè tàbí ó ń ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Ihò kékeré ò lè dá ìyẹn sílẹ̀. Níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń béèrè epo púpọ̀ ni epo ò ti tó: fuel pump ti ń rẹ̀, filter rẹ̀ ti dí, tàbí airflow sensor ti dọ̀tí tó ń ka afẹ́fẹ́ ní kékeré ju bó ṣe wà lọ. Ọyẹ́ àti air filter ayédèrú ló sábà ń ba airflow sensor jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ àti bẹntiróòlù nù ún. Wọ́n ń ta oògùn tí wọ́n ṣe fún un nínú agolo, ẹ fọ́n ọn sí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ epo burúkú kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, irú epo bẹ́ẹ̀ lè tan P0171 lára ọkọ̀ tí ohunkóhun kò ṣe. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó ti ọ̀dọ̀ epo wá á lọ bí epo yẹn bá tán nínú táǹkì. Èyí tó bá ń padà wá láti ilé epo kan dé òmíràn, inú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ ti wá a.

Kóòdù ò bá yín yan ohun tẹ́ ẹ máa rà. Ó sọ ohun tí brain box rí ni, kò sọ ohun tó bàjẹ́. P0171 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yìí, oxygen sensor ló fi mọ̀ pé epo kò tó; ẹni tó bá sáré lọ ra oxygen sensor tuntun ti lé ẹni tó jíṣẹ́ lọ, ó sì fi àrùn sílẹ̀. Kóòdù bíi P0135 yàtọ̀ díẹ̀, torí pé ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ yẹn gbóná ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Síbẹ̀, ẹ wo fíúùsì àti wáyà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó.

Ooru, òjò, gálọ́ọ̀pù

Lára ọkọ̀ tó ti pẹ́, ohun tó sábà ń fa iná tó ń lọ tó ń bọ̀ jẹ́ ohun tí ń fọwọ́ kan ara wọn ní ìgbà kan, tí wọn ò sì fọwọ́ kan ara wọn ní ìgbà mìíràn. Nítorí náà, ẹ ṣí ojú ìwé kan nínú fóònù yín. Ní gbogbo ìgbà tí iná bá tàn, ẹ kọ ọ́: òwúrọ̀ ni àbí ọ̀sán, òjò ń rọ̀ àbí kò rọ̀, AC wà ní títàn, epo ku mélòó, ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú gálọ́ọ̀pù ni, ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọkọ̀ ni. Ẹni tó bá mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mẹkáníìkì gidi ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún un.

Bó bá jẹ́ òjò tàbí fífọ ẹ́ńjìnnì ló ń fà á, tí ọkọ̀ sì ń jẹ́ẹ̀kì, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá P0300, tàbí nọ́ńbà púlọ́ọ̀gì kan pàtó láti P0301 dé P0304. Nínú Corolla yìí, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀ lórí. Ká ní P0303 ló jáde. Kò sí ìdí láti ra kọ́ìlì mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kẹ́ ẹ fi sípánà 10 tú bóòtù kan tó di kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan mú, kẹ́ ẹ gbé kọ́ìlì kẹta sí ojú ìkíní, kẹ́ ẹ gbé ìkíní sí ojú ẹ̀kẹta. Láti apá ibi tí fan belt wà ni wọ́n ti ń kà wọ́n. Ẹ rọra tẹ ike orí wáyà rẹ̀, torí pé ike tó ti gbẹ máa ń ṣẹ́, èyí tó bá sì ṣẹ́ kò ní di wáyà mú dáadáa mọ́. Ẹ pa kóòdù rẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa wa ọkọ̀ lọ bẹ́ ẹ ṣe ń wà á. Bí P0301 bá jáde, àṣìṣe ti bá kọ́ìlì lọ, òun ló bàjẹ́. Bí P0303 bá tún padà, kọ́ìlì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ tó wá lọ sórí nozzle tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì àti wáyà. Nígbà tí kọ́ìlì bá wà níta, ẹ yọjú wo inú ihò púlọ́ọ̀gì. Bí omi bá wà níbẹ̀, òjò tàbí ibi ìfọ mọ́tò ló ti wá. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì, rọ́bà abẹ́ top cover ló ti gbó, kọ́ìlì tuntun náà ò sì ní pẹ́ nínú ọ́ìlì.

Bó bá jẹ́ ooru, ẹ ronú lórí crank sensor, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ á máa lọ dáadáa láàárọ̀, á kú lójijì nínú go-slow ọ̀sán, á kọ̀ láti jí, á sì jí lẹ́yìn ìdajì wákàtí bí ẹni pé kò ṣe nǹkankan. P0335 ló sábà ń bá a wá. Nígbà tó bá kọ̀ láti jí, ẹ ki scanner bọ̀ kí ẹnìkan máa ṣíná sí i, kẹ́ ẹ wo ìyípo ẹ́ńjìnnì: bó bá dúró sí 0 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, sẹ́ńsọ̀ yẹn tàbí wáyà rẹ̀ kò ríran nígbà náà. Ẹ má fi èyí falẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó ń kú láàárín títì lè pa ènìyàn.

Bó bá jẹ́ gálọ́ọ̀pù, wáyà ni. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí pé nǹkan tí a ń fọwọ́ ara wa ṣe pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fi alarm sí i bó wáyà kan lára, ó lọ́ tirẹ̀ mọ́ ọn, ó fi téèpù wé e. Ẹni tó fi tracker sí i ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó yí rédíò padà ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, téèpù ti rọ̀ nínú ooru, òógùn òjò ti mú wáyà náà hu àwọ̀ ewé, ó ń mú lọ́jọ́ kan, kò mú lọ́jọ́ kejì. Eku náà ń ṣe tirẹ̀ lára ọkọ̀ tó bá sùn fún ọjọ́ pípẹ́. Bí wọ́n ṣe ń wá a ni pé kí ẹ́ńjìnnì wà ní slow, kí ẹnìkan máa wo nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀ lórí scanner, kí ẹnìkejì máa fi ọwọ́ mi wáyà díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó máa jìnnà sí fan àti belt. Ibi tí nọ́ńbà bá ti fò tàbí tí ẹ́ńjìnnì bá ti yí ohùn padà, ẹ ti dé ibẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó lọ jìnnà pàápàá, ẹ wọn bátìrì. 12.6 volt nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, 13.5 sí 14.5 nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Kẹ́ ẹ tún fi ẹnu mítà kan sórí negative bátìrì, ẹnu kejì sára irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan ṣíná sí i: kò yẹ kó ju ìdajì volt lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, wáyà earth ti dípẹtà, brain box á sì máa ka ìkàkúkàá láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí ara wọn le. Mo ti rí i tí wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ nígbà tó jẹ́ pé kí wọ́n fi sandpaper ha bóòtù earth kan ni ọkọ̀ náà ń fẹ́.

Bó bá ń ṣẹ́jú

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ jẹ́ fún iná tó dúró gbọn-in nígbà tó bá tàn. Bó bá ń ṣẹ́jú, tó ń tàn tó ń kú wìrìwìrì lójú yín nígbà tẹ́ ẹ ń wakọ̀, ọ̀ràn ti yàtọ̀. Púlọ́ọ̀gì kan kò yaná, epo tí kò jóná ń ṣàn lọ sínú catalyst, ibẹ̀ ló sì ti ń jó. Catalyst lè pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, kí inú rẹ̀ yọ́. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí kò sí koríko gbígbẹ, ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má sọ pé ẹ óò rọra wà á délé.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, tàbí tí wọ́n bá ní àwọn ti tún un ṣe

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìṣíná. Check engine gbọ́dọ̀ tàn níbẹ̀, kó sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jí. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kó ti dí i. Ẹ lọ wá ọkọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ki scanner bọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní ELM327, tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀, ti tó fún onímọ́tò. Áàpù bíi Torque tàbí Car Scanner á ka kóòdù, pending, freeze frame àti ojú ìwé tí wọ́n ń pè ní readiness. Ojú ìwé yẹn ń sọ àwọn àyẹ̀wò tí brain box ti parí láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́ gbẹ̀yìn. Bí oníṣòwò bá ní ọkọ̀ yìí kò ní ìṣòro, tí kò sí kóòdù kankan, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ṣì jẹ́ "incomplete", wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkankan rẹ́ ni, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí bátìrì. Yíyọ orí bátìrì ń pa kóòdù rẹ́, ó ń pa freeze frame rẹ́, ó sì ń pa ohun tí brain box ti kọ́ nípa epo rẹ́, débi pé slow ọkọ̀ lè máa gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀. Lára ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti 2010, wọ́n ti fi irú kóòdù kan kún un tí yíyọ bátìrì ò lè pa. Àwọn ọkọ̀ àgbà wa kò ní in.

Ojú ìwé kan náà ni kẹ́ ẹ fi yẹ iṣẹ́ mẹkáníìkì wò. Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ ya àwòrán kóòdù àti freeze frame sínú fóònù yín. Lẹ́yìn tó bá tún un ṣe, kó pa kóòdù rẹ́, kẹ́ ẹ wá gbé ọkọ̀ náà rìn bó ṣe wà nínú freeze frame: bó bá jẹ́ lórí eré 96 ló ti tàn, ẹ gbé e lọ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀, bó bá jẹ́ ní slow lẹ́yìn tó ti gbóná, ẹ jẹ́ kó dúró pẹ́ ní slow. Ẹ tún ki scanner bọ̀. Bí àyẹ̀wò tó kan àṣìṣe yẹn bá ti di "complete", tí pending ò sí, tí fuel trim sì ti padà sáàárín -10 sí +10, ẹ sanwó tó kù fún un.